Òfin Kìíní ní Ẹnu Ọ̀sà

Bí ẹnu bá jẹ́ iná ni, ẹnu Alhaja Sèlíátù ìbá ti yan gbogbo ẹja inú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ gbẹ tipẹ́tipẹ́, ọ̀nì gan-an ìbá ti gan bíi pańla. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi hàn án pé èèyàn lè tẹ fóònù mọ́lẹ̀ kó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, kí ohùn náà sì dé etí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣe ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Alihamdulilai!" ló wí. "Àṣé ọ̀fun lásán ni mo ti ń fi jà láti ọjọ́ yìí!"

Ibi tó ti wá ń jà ni Ẹnu Ọ̀sà, gbàgede ìjíròrò kan lórí ayélujára tí Waliyah, ọmọ àbúrò rẹ̀, dá sílẹ̀. Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú ni Waliyah ń gbé, ilé ìpamọ́ ẹja dídì kan ní Ẹsítéètì, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí, ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òtútù ibẹ̀ burú débi pé bí èèyàn bá sín, yìnyín ni yóò já bọ́ nílẹ̀, gbàà! Ó dá gbàgede náà sílẹ̀ kí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ àti àwọn tó ń ra ẹja ní Ìkòròdú lè máa gbúròó ara wọn: ọkọ̀ wo ló ti gúnlẹ̀, atẹ́gùn wo ni kì í ṣe atẹ́gùn ire, ta ló fẹ́ fi ẹja àná pe ẹja òní fún ọ. Lọ́jọ́ tí ìjì kan dìde lójijì, Ẹnu Ọ̀sà ló pe àwọn ọkọ̀ padà sí èbúté kí omi tó gbé ẹnikẹ́ni mì. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń ya wọ ibẹ̀ bí èèrà tó rí ṣúgà.

Bí èrò ṣe pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo pọ̀. Zikrullah, tó ń bá Waliyah bójú tó gbàgede náà, ní kí wọ́n ṣòfin. Zikrullah yìí, bí o bá kọ ọ́ sínú òfin pé kó máa fi orí rìn, yóò fi orí rìn dé Ìbàdàn, yóò sì tún fi orí rìn bọ̀ wálé. Waliyah jókòó, ó ṣòfin. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó kẹ́kọ̀ọ́ ni, nítorí náà ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ló fi ṣe òfin kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbó àgbà lẹ́nu níbí, ẹni tó bá dán an wò yóò jáde lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá kan má bú èèyàn, má pa irọ́ mọ́ ọjà ẹlòmíì, ìkìlọ̀ lásán sì ni ìjìyà ti ìyẹn. Gbogbo ayé yìn ín. Àwọn àgbà ṣàdúrà fún un. Kò sí ẹni tó rí i pé ihò ńlá kan wà nínú òfin náà, ihò tí tírélà lè wọ̀ kó sì ṣẹ́rí padà níbẹ̀ láìfara kan ohunkóhun.

Alhaja Sèlíátù rí i. Kò mọ̀wé kà, ó ní kí wọ́n ka òfin náà fún òun. Wọ́n ka ti àkọ́kọ́ tán, wọ́n fẹ́ ka èkejì.

"Ó ti tó," ló wí. "Ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú lórí ìyókù."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Oríyọmí, tó ń yan ẹja àrọ̀ tà ní Lásunwọ̀n, gbé àwòrán ẹja rẹ̀ sí Ẹnu Ọ̀sà. Ẹja náà ń dán gbinrin. Inú bí Alhaja, tí òun náà ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́, pé ọmọ Ìkòròdú lè yan ẹja báyẹn. Ó tẹ fóònù mọ́lẹ̀.

"Ta ló bí eléyìí? Inú gọ́tà ló ti kó ẹja yẹn, ojú mi báyìí ni! Ẹ wo orí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja nínú àwòrán yẹn, orí bí igbá ìwẹ̀. Ará Ìkòròdú, kí lẹ mọ̀ nípa ẹja? Ẹ lọ máa gbin ẹ̀gẹ́ o jàre!"

Oríyọmí dáhùn wẹ́rẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ lẹ pa mọ́ mi."

Háà! Ọmọdé wí fún àgbà pé irọ́ ló pa. Kí Zikrullah tó mí èémí kan, ó ti yọ Oríyọmí kúrò. Ọ̀rẹ́ Oríyọmí bínú, ó fèsì, Zikrullah yọ òun náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dá sí i, wọ́n jáde. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Zikrullah ti gbá Ìkòròdú kúrò ní Ẹnu Ọ̀sà bí ẹni ń gbálẹ̀ Iléyá, ó wá ku Alhaja láàárín gbàgede bí àgùntàn tó wọ oko ẹ̀wà lẹ́yìn tí olóko ti rìnrìn àjò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Oríyọmí dúró de Waliyah lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí Waliyah, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé orí mi jọ igbá ìwẹ̀?"

Waliyah wò ó. Ká sòótọ́, orí náà tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi òun ní ìyẹn.

"Kò jọ ọ́," ló wí.

"Àwọn èèyàn ti ń dá ẹja padà fún mi. Ìyá kan ní òun ò ní jẹ ẹja inú gọ́tà ní ti òun. Èmi ni mo fi ẹjọ́ yín sun ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbé Ẹnu Ọ̀sà lé. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín."

"Wọ́n ti kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí," ni Waliyah dáhùn. "Wọ́n ní bí irọ́ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ di ọjọ́ Jímọ̀, tí òfin wa sì ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan, àwọn á ti gbogbo rẹ̀ pa."

Oríyọmí gbé ojú sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n tì í pa o. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìjì yẹn."

"O ò jẹ̀bi. Èmi ni mo ṣòfin tí kò gún."

Ó wọlé, ó pe Zikrullah lórí fóònù, ó ní Alhaja máa jáde.

"Alhaja wo?" ni Zikrullah pariwo. "Alhaja yín? Ìyá tó gbé yín pọ̀n dàgbà? Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ ara wa! Èmi máa lọ gbé Kutonu."

"Fara balẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá yọ wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é lẹ́yìn wọn. Ojú wọn ni màá ti ṣe é."

Ó kọ́kọ́ tún òfin kìíní ṣe: ọ̀wọ̀ fún àgbà, ọ̀wọ̀ fún ọmọdé, ẹni tó bá pa irọ́ mọ́ ọjà ẹlòmíì yóò jáde, ìbáà jẹ́ arúgbó ìbáà jẹ́ ọmọ ìkókó, kò sì ní wọlé mọ́ àfi lọ́jọ́ tó bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níbi tó ti sọ ọ́. Ó dá Oríyọmí àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Lọ́jọ́bọ̀, ó wọkọ̀ gba Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kòtò ọ̀nà yẹn jìn débi pé nígbà tí ọkọ̀ wọn kó sínú ọ̀kan, àwọn èrò inú rẹ̀ gbọ́ ohùn àwọn ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń kí wọn káàbọ̀.

Ìdí ààrò ló bá Alhaja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, láàárín àwọn obìnrin tó ń to ẹja sórí àwọ̀n irin. Waliyah rìn lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ gbì, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, orúnkún méjèèjì wọ inú yanrìn.

Ojú Alhaja tàn. Ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, bí ọmọ bá ti Ìkòròdú wá kúnlẹ̀ láìtíì mu omi, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ẹ̀bẹ̀?

"Ẹ ò rí i!" ló wí fún àwọn obìnrin náà. "Mo sọ fún yín pé ọmọ Bàdírù àbúrò mi á wá. Ọmọ àná yìí tún òfin ṣe lẹ́yìn mi! Ó dáa, dìde, mo ti foríjì ẹ́. Ẹ bá mi bu ẹja fún un."

"Ẹ ṣé, ìyá mi. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo bá wá."

"Kí lo wá bá wá?"

"Mo fẹ́ yọ yín kúrò ní Ẹnu Ọ̀sà, mà."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan. Èéfín gan-an dúró lójú kan, ó fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

"Lórí ìkúnlẹ̀?" ni Alhaja bi í.

"Lórí ìkúnlẹ̀, mà. Ṣé ẹ rí ẹja Oríyọmí nínú gọ́tà?"

"Gọ́tà wo? Mo dé Lásunwọ̀n rí?"

"Bí ẹ bá lè sọ báyẹn ní Ẹnu Ọ̀sà, kò ní sí pé à ń yọ ẹnikẹ́ni."

"Kí n máa bẹ ọmọdé lójú gbogbo ayé? Èmi Sèlíátù?" Alhaja bọ́ gèlè, ó dì í mọ́ ìdí. "Waliyah, ẹ̀yìn mi yìí lo ti jókòó wo omi yẹn kó o tó mọ ìrìn. Bó o bá tẹ nǹkan tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, má pè mí ní ìyá mọ́."

Waliyah wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó rántí Jímọ̀ tó jẹ́ ọ̀la, ó rántí àwọn ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀sà nísinsìnyí tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí gbàgede náà bá wí.

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ mi ló lè kúnlẹ̀ fún yín. Òfin ò ní orúnkún."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Fóònù Alhaja ké pìn-ìn nínú àpò rẹ̀. Ó fà á yọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bú Waliyah, ó bú Zikrullah, ó bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ayélujára àti àna rẹ̀. Ohùn náà ò lọ síbì kankan. Ó wo fóònù, ó wo Waliyah, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Waliyah wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kú, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó lọ wọkọ̀ padà.

Jímọ̀ dé, ilé-iṣẹ́ náà wo òfin tuntun, wọ́n rí i pé irọ́ náà ti bá Alhaja jáde, wọ́n ní kí Ẹnu Ọ̀sà máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Waliyah pe Alhaja, Alhaja ò gbé e. Ó tún pè, Alhaja gé ìpè náà. Àwọn ẹbí pè é láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n fi í bú, ó ní, "Mo gbọ́ mà," kò sì yí ohunkóhun padà. Alhaja dá gbàgede tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ìdí ààrò, ṣùgbọ́n bí kò ti sí ará Ìkòròdú níbẹ̀, ara wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ó túká kí ẹja tó jinná. Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, òun ló ń gbọ́ kẹ́yìn. Ẹja rẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú agbọ̀n, àwọn tí ì bá rà á wà ní Ẹnu Ọ̀sà, wọ́n ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Zikrullah fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Alhaja fẹ́ wọlé wá kó ọ̀rọ̀ jẹ. Waliyah ní kó ṣílẹ̀kùn. Ohùn náà dé.

"Ẹ̀yin ará Ẹnu Ọ̀sà, èmi Sèlíátù nìyí. Mi ò rí ẹja Oríyọmí ní gọ́tà kankan. Irọ́ ni mo pa. Ẹ máa ra ẹja ẹ̀, ó yan án dáadáa. Oríyọmí, má bínú sí ìyá ẹ." Ó húkọ́. "Ṣùgbọ́n Zikrullah yìí, ọ̀dọ̀yọ̀ ni!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé fóònù ń gbọ̀n. Waliyah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù ibi iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó tẹ fóònù mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ síta gbangba, níbi tí gbogbo wọn yóò ti gbọ́ ọ: "Ẹ kú àárọ̀, ìyá mi. Ẹ káàbọ̀, mà. Nítorí Zikrullah tí ẹ bú, ìkìlọ̀ yín rè é o."

Kíá ni fóònù dún. Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń pè, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìdí ààrò.

"Ta lò ń kìlọ̀ fún? Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé? Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí tó o fi lẹ́nu báyẹn?"

Waliyah gbé fóònù jìnnà díẹ̀ sí etí, ó jókòó sórí páálí ẹja, ó sì jẹ́ kí Alhaja bú òun tẹ́rùn.