Àrìnpé Kò Jẹ Iyọ̀

"Irọ́ ni! Mi ò jẹ iyọ̀!" Àrìnpé fọwọ́ lu àyà. "Oṣù kẹrin rèé tí iyọ̀ kò kàn mí lẹ́nu."

Báyọ̀, àkọ́bí rẹ̀ tó ti Òkìtìpupa wá mú un, mi orí. "Màámi, kí ló wá dé tí ẹ̀jẹ̀ ríru yín kò wálẹ̀? Ẹ̀ ń lo oògùn, ẹ ní ẹ ò jẹ iyọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé mi, kí ìyàwó mi máa bá yín ṣọ́ oúnjẹ."

Kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ òun, òun Àrìnpé, tó fi ẹja yíyan tọ́ ọmọ márùn-ún ní Abereke etí òkun yìí! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sùn ohun tí kò ṣe lé e kúrò nílé rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àfi kí dókítà oúnjẹ tó ń tọ́jú òun wá wo ìkòkò òun fúnra rẹ̀.

Nàfísàt ni wọ́n ń pe dókítà oúnjẹ náà, ọmọ Ìlọrin ni. Ẹ̀rù omi ń bà á. Ó di etí ọkọ̀ mú pinpin títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, kò bá Àrìnpé wí rárá. Ó bi í ìgbà tó ń jí, ohun tó ń jẹ kó tó dáná ẹja, bóyá ó ń rí oorun sùn, àti bóyá òun nìkan ló ń jẹun látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò sẹ́ni tó bi Àrìnpé nírú ìyẹn rí. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì wọ ilé ìdáná lọ, àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Nàfísàt fi òkèlè pupurú kan run ọbẹ̀. "Ó níyọ̀, mà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ni Báyọ̀ pariwo.

Omi lé sójú Àrìnpé. "Ìṣojú ẹ̀yin méjèèjì ni mo ti sè é. Ta ló rí mi tí mo bu iyọ̀ sí i?"

"Èmi ò rí yín, mà. Omi wo lẹ fi sè é?"

"Omi kànga ẹ̀yìnkùlé. Kí ni à bá tún fi sè é?"

Nàfísàt bu omi náà tọ́ wò, ló bá tu ú dànù. "Omi òkun ti wọ kànga yín, mà. Omi yìí gan-an ló níyọ̀. Ó ti mọ́ yín lẹ́nu ni ẹ ò fi mọ̀ mọ́."

"O gbọ́ àbí o ò gbọ́?" Àrìnpé kọjú sọ́mọ rẹ̀. "Ìyá ẹ kì í ṣe òpùrọ́!"

Báyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, màámi. Ṣùgbọ́n ibi tómi rẹ̀ níyọ̀, ṣé ibẹ̀ náà lẹ ó máa gbé?"

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àrìnpé wo ojú Nàfísàt.

"Omi òjò kò níyọ̀, mà," ni Nàfísàt wí. "Ẹ máa gbà á pamọ́, kí ẹ máa fi dáná, kí ẹ má sì fi oògùn yín sílẹ̀. Màá máa wá wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká wò ó fún oṣù méjì."

Àrìnpé tún ìró rẹ̀ ró le dan-in dan-in, òun ló sì kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Inú Báyọ̀ dùn.

"Màámi, aṣọ yín ńkọ́?"

"Aṣọ kí ni? Ọjà Ìgbókòdá lo máa gbé mi dé. Táńkì omi òjò ni mò ń lọ rà, ìwọ lo sì máa bá mi gbé e bọ̀ wálé."