Ẹ̀rín Maika

Ọ̀rọ̀ tí Litiana sọ nípa ikú ọkọ rẹ̀, Eroni, kò gùn, èmi ọlọ́pàá sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ẹsẹ̀ Eroni tàsé lórí àpáta, ó já sómi. Maika tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ́rìn-ín. Eroni kò yọjú. Maika tún rẹ́rìn-ín, ó ní kó yé ṣeré. Lẹ́yìn náà ló bẹ́ sómi lọ wá a.

Gbogbo wa la mọ irú ẹ̀rín yẹn. Tauvu, ìbátan aláwàdà, ni abúlé Eroni àti ti Maika jẹ́ síra wọn láti ayé bàbá ńlá wọn. Bí tauvu rẹ bá ṣubú tí o kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun gan-an ni yóò bínú. Litiana fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń rò ó fún mi, kó tó bú sẹ́kún.

Ọ̀gá mi, Sájẹ́ńtì Rusiate, ka ìwé náà, ó jù ú sórí tábìlì.

"Sireli, rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín! Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílé yín ni? Adájọ́ á sùn lọ ni."

"Bí màmá yẹn ṣe sọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Ta ló ní kó o parọ́? Bu iyọ̀ sí i ni mo wí, jàre."

Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí ẹnì kan rí i pé mo mọ̀wé. Mo gbìyànjú "rẹ́rìn-ín músẹ́", àmọ́ ti olólùfẹ́ nìyẹn. "Àríntàkìtì" bá ìdí agbada yaqona, níbi tí a ti ń mu ún tí a ń ṣàwàdà, mu ju etí òkun lọ. Nígbà tó yá, mo kọ ọ́ pé Maika ń yọ̀ ọ́ bó ṣe ń rì. Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, mo kà á fún Litiana kó tó tẹ̀ka sí i. Ó dá mi dúró.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà. Mo rò pé yóò ní kí n pa á rẹ́. Ó kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ka.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé Maika gbé eyín àbùùbùtán wá láti fi bá Litiana kẹ́dùn. Kò gbà á. N kò tíì rí i rí kí ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Níwájú adájọ́ tó ti Suva wá wádìí ikú náà, wọ́n bi Litiana léèrè bí Maika ṣe rẹ́rìn-ín.

"Ó ń yọ̀ ọ́, olúwa mi. Ó ń yọ̀ ọ́ bó ṣe ń rì."

"Èmi kẹ̀?" Maika pariwo. "Litiana! Èmi àti Eroni?"

Adájọ́ kọjú sí mi. "Ọlọ́pàá, ṣé bó ṣe sọ ọ́ lo ṣe kọ ọ́?"

Rusiate wúkọ́ lẹ́yìn mi. Litiana na ọwọ́, ó di apá mi mú, ó sì rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"Dá wọn lóhùn, ọmọ mi. Ìwọ lo jẹ́ kó yé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi," ni mo wí.