Gìgísẹ̀ Ìyá Sàbírátù

"Hwan ni?" Kwasi fẹ́ mọ ẹni tí obìnrin tó ń bọ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́.

Sàbírátù mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1991 yẹn, òun àti Kwasi, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bíi tirẹ̀, ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun gìgísẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n láti mọ bí tọkùnrin ṣe yàtọ̀ sí tobìnrin. Tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, Kwasi sì ti fi Sàbírátù ṣe yẹ̀yẹ́ pé gìgísẹ̀ rẹ̀ gùn ju tobìnrin lọ. Nígbà tí obìnrin ò tó mọ́, Sàbírátù bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá òun kó àwọn obìnrin Alabar, àdúgbò wọn ní Kumasi, wá. Kò mọ̀ pé ìyá fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú gìgísẹ̀ tó ti là, tí eruku ọjà Asafo kún inú rẹ̀, àti làálì ọdún tó ti ń ṣá. Ojú tì í.

"Ará àdúgbò wa kan ni," ó fi Twi dáhùn, bí ẹni pé ìyá tí wọ́n bí sí Kumasi ò gbọ́ Twi.

Ìyá gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ó ní lédè Yorùbá, "Dókítà, ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyí?"

Dókítà kẹ̀? Ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà ló ń bọ̀wọ̀ fún un bí àlejò! Sàbírátù ò mọ ibi tí yóò forí pamọ́ sí.

Nígbà tí àwòrán jáde, Kwasi gbé rúlà lé e, ó tún wọ̀n ọ́n, ó wá gbé ti Sàbírátù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Wò ó, wọ́n dọ́gba! Obìnrin mìíràn ò ní irú rẹ̀. Màmá, àbí ẹ bára yín tan ni?"

"Daabi, ọmọ mi," ìyá fi Twi dá a lóhùn pé rárá, ó ń fẹsẹ̀ wá sálúbàtà. "Níbo lèmi ti máa bá dókítà tan?"

Kwasi wá di ọmọ, òun di dókítà. Omi lé ròrò sójú Sàbírátù. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó mú sálúbàtà náà, ó sì ń wọ̀ ọ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ìyá mi ni," ó sọ ọ́ ní Twi kí Kwasi lè gbọ́. "Irọ́ ni mo pa." Ó wá yíjú sókè. "Màámi, ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

Ìyá fà á lápá. Kò rẹ́rìn-ín.

"Dìde," ó ní. "O ti ń ba aṣọ funfun rẹ jẹ́."