Ṣéènì Tó Le Jù

Òkè yẹ̀pẹ̀ ya lulẹ̀ níbi iṣẹ́ ọkọ mi ní Ugwuaji, ní Enugu, ó bo lọ́rì tí Alárápé, àbúrò mi, jókòó sí mọ́lẹ̀. Ó ṣì wà láàyè. À ń gbọ́ ọ tó ń kan irin láti abẹ́ ilẹ̀: kò, kò, kò. Oúnjẹ ọkọ mi ni mo gbé wá. N kò mọ ìgbà tí mo jù ú nù.

Yẹ̀pẹ̀ náà kọjá ohun tí ṣọ́bìrì lè kó. Katapílà nìkan ló lè wọ́ ọ kúrò, Bàdírù ọkọ mi ló sì ń wà á. Ó tan án. Ẹ́ńjìnnì ké, èéfín dúdú rú, katapílà ò kúrò lójú kan.

Olúdáìsí, ọ̀gá wọn, bẹ̀rẹ̀ wo ṣéènì irin tó fi ń rìn lábẹ́ rẹ̀. "Bàdírù! O tún fún ṣéènì yìí jù?"

"Ó ti dẹ̀ jù ni, ọ̀gá."

"Nínú ẹrẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dẹ̀! Ṣé o tiẹ̀ ha ẹrẹ̀ yìí kí o tó lọ sílé? Katapílà kì í ṣe òfì, ìwọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn!"

Iṣẹ́ òfì ni ọkọ mi kọ́ kí a tó wá sí Enugu. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá dẹ̀ ti bàjẹ́. Alárápé pàápàá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bùrọ̀dá, aṣọ mélòó lẹ hun lónìí?" Ní Sátidé tó kọjá, nínú òjò, ọkọ mi fún ṣéènì náà bí òwú orí òfì, kò sì ha ẹrẹ̀ tó há sáàárín àwọn irin róbótó tí ṣéènì ń yí lé. Oòrùn Sọ́ńdè sọ ẹrẹ̀ náà di bíríkì.

Ọkọ mi wọ abẹ́ katapílà, ó fi sípánà mú nọ́ọ̀tù ńlá tí wọ́n fi ń fún ṣéènì. Kò yí. Mo fi ọ̀pá irin gún ẹrẹ̀, mo fi ìka họ ọ́ títí èékánná mi fi ya.

"Bàbá Fatimah, ẹ tètè!" ni mo ké sí ọkọ mi. " Alárápé ò kan irin mọ́!"

Ọkọ mi tún fa sípánà. Ó ń sunkún. Olúdáìsí wọlé tọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì rọ̀ mọ́ sípánà, nọ́ọ̀tù han gooro, ó yí. Ṣéènì dẹ̀ díẹ̀.

Katapílà rìn, ẹrẹ̀ gbígbẹ ń já bọ́ lára rẹ̀ bí òkúta. Ọkọ mi wọ́ yẹ̀pẹ̀ títí a fi rí òrùlé lọ́rì. Ó pa ẹ́ńjìnnì kí a lè gbọ́.

A ò gbọ́ nǹkan kan.

"Alárápé! Ọmọ ìyá mi!"

Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. "Bùrọ̀dá... ṣé ẹ ti hun aṣọ náà tán?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa yẹ̀pẹ̀.