Ìsàlẹ̀ Odò Nínú Yàrá Rufus

Akínwọlé kò tíì kí oníyàrá tí ọ̀rọ̀ ti tojú sú u. Láti Ùsò ló ti wá sí Ọ̀wọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó lè fojú ara rẹ̀ wo ilé Rufus, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Ọmọ́yẹlé, ọmọ rẹ̀. Ohun tó bá nínú yàrá ni yanrìn tútù tí wọ́n dà sórí símẹ́ǹtì, òkúta kéékèèké, gbòǹgbò igi tó ti fẹ́ẹ̀ jẹrà, àti géńdé ọkùnrin kan tó ká ṣòkòtò iṣẹ́ ọba sókè, tó kúnlẹ̀ níwájú àpótí dígí kan, tí omi sì dé e ní ìgúnpá. Akínwọlé bojú wẹ̀yìn, bóyá ilé onílé ló yà sí. Ilé náà ni.

Mùnírù, télọ̀ tó ni ilé náà, ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fún un níta. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni, Bàbá. Ọmọ Àkókó ni, akọ̀wé ni lọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹrẹ̀ tó ń kó wọlé yìí nìkan ni kò yé mi."

Kò yé Akínwọlé náà, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó yé e, torí ó ti ṣe àṣìṣe rí nídìí irú wíwo ilé báyìí. Ilé ọkọ tí Ọmọ́yẹlé kọ́kọ́ fẹ́ l'Óǹdó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè gbé iyán kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì kó jẹ ẹ́. Bàtà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, fìtílà ń dán. Akínwọlé yin ilé náà títí dé Ùsò, ó sì fi ọmọ fún wọn. Ìmọ́tótó ńkọ́! Bí ife kan bá kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ilé yẹn, ẹgba ni. Ọmọ́yẹlé padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àpá lápá, bí ọmọ odó bá bọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò báyìí, á sá wọ yàrá lọ. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, èwo ni ejò, èwo sì ni ekòló? Ojú tó tan Akínwọlé jẹ l'Óǹdó náà ló tún gbé wá sí Ọ̀wọ̀; kò ní òmíràn.

Bí Rufus ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn. Ó nu àga, ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí bí ilé ṣe rí.

Akínwọlé tọ́ka sí ẹja kékeré kan nínú àpótí náà. "Èyí tí a ó jẹ ni?"

"Rárá, sà."

"O fẹ́ tà á?"

"Rárá, sà. Ọ̀gá wa òyìnbó tó padà sílùú wọn ló fi àpótí yìí sílẹ̀ fún mi. Inú odò kan lọ́nà Ùtè ni mo ti mú ẹja náà. Mo fẹ́ kí ìsàlẹ̀ omi rẹ̀ rí bíi ti odò, bí ẹni pé ọwọ́ èèyàn kò kàn án rí."

"Ọwọ́ rẹ kọ́ ló wà nínú rẹ̀ yìí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

Akínwọlé mí kanlẹ̀. Òun tó jẹ́ pé bó bá kọ ebè, gbogbo Ùsò ló ń wá wò ó, báwo ni èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Ó fẹ́ dìde kó máa lọ. Ó tún rò ó pé, bí òun bá délé, kí lòun máa sọ?

Rufus kọ́kọ́ to òkúta funfun yí gbòǹgbò náà ká. Ó dára lójú Akínwọlé, ṣùgbọ́n ẹja náà ki orí bọ kọ̀rọ̀, kò jáde. "Ẹ̀rù ń bà á," ni Rufus wí. "Kò rí ibi sá sí." Ó kó gbogbo òkúta náà kúrò, ó kó dúdú síbẹ̀, ó fi gbòǹgbò náà ti òkúta ńlá kan. Ẹja kò yọjú. Ó tún un tò, ó tún un tú, títí oòrùn fi rọ̀.

Akínwọlé dìde, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ láti fi tọ́ka sí nǹkan nínú omi. Ọ̀pá kọ́ gbòǹgbò náà. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, òun fúnra rẹ̀ kò lè búra. Gbòǹgbò ṣubú, òkúta yí gbiri, omi dúdú bí àgbo. Iṣẹ́ òòjọ́ bàjẹ́. Akínwọlé kò wo omi. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló tẹjú mọ́, bóyá yóò gbé e sókè.

Ọwọ́ náà wà létí dígí, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ má dààmú, sà," ni Rufus wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó jẹ́ẹ́ ná. Bá a bá tún ń fọwọ́ rò ó báyìí, ẹ̀rù á pa ẹja náà."

Wọ́n jókòó. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ń tòrò. Gbòǹgbò náà ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí òkúta, yanrìn ti bò ó lápá kan, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹja yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Rufus kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Akínwọlé kò mọ̀ bóyá kí òun tọrọ àforíjì ni tàbí kí òun gba ọpẹ́. Ó dágbére, ó jáde.

Nígbà tó délé, Ọmọ́yẹlé bu omi fún un. "Báwo nilé náà ṣe rí, Bàbá?"

"Rúdurùdu. Ẹrẹ̀ ni. Mo sì tún ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́."

Ọmọ́yẹlé dúró gbagidi. "Kí ló fi yín ṣe?"

"Ó ní ká jókòó."

"Lójú yín nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ lọ tán ńkọ́?"

Ìbéèrè tí Akínwọlé kò béèrè nípa ilé Òǹdó nìyẹn. Ojú tì í. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó dágbére kì í ṣe ohun tí àgbà ń sọ fún ọmọ.

"Mo padà," ló wí. "Mo yọjú wò ó lójú fèrèsé."

"Ẹ̀yin, Bàbá?"

"Èmi náà. Mùnírù rí mi, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ọkùnrin náà ń nu ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá garawa, gbogbo omi tó ti nù jọ tún dànù. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò yé mi, ọmọ mi. Ojú mi ti tàn mí jẹ rí. Ìwọ ni kó o sọ."

Ọmọ́yẹlé gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ sọ fún un kó wá," ló wí.