Èèpo Igi Iwájú Ilé Kẹrìnlá

2.

...bẹ́ẹ̀ ló tún fa ìlà sí i, ó ya bébà náà, ó sì mú òmíràn.

Olúṣẹ̀yẹ kò lè kọ ju ìlà kan lọ. Ó ní ibà ló kù lára òun. Irọ́ ni. Ibà ti fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Gbólóhùn ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní kó kọ ránṣẹ́ sí àtìmọ́lé kò gùn. Kí ló rí láàárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó? Ta ló kọ́kọ́ na Shuaib káfíńtà? Bó bá kọ ọ́ bó ṣe rí, ó ṣeé ṣe kí Shuaib jáde ní àtìmọ́lé. Bí kò bá kọ ọ́, wọn á gbé e lọ sí kóòtù alágbèéká lọ́jọ́ Ajé. Láyé sójà yìí, ẹni tí wọ́n bá gbé débẹ̀, ilé kọ́ ló ń gbà lọ.


3.

ÌKÉDE

ẸGBẸ́ ONÍLÉ ÒPÓPÓNÀ AKÍNTÁYÉ, ONÍGBÒǸGBÒ
Oṣù Kìíní, 1989

Ìjọba ti pàṣẹ pé kí òpópónà kọ̀ọ̀kan tún igi rẹ̀ gbìn kí òjò tó dé. Nínú dóńgóyárò méjìlélógún tí àwọn àgbà gbìn sílẹ̀ fún wa, mẹ́sàn-án ti kú. Àìsàn kọ́ ló pa wọ́n. Ọ̀bẹ ni.

— Kí ẹnikẹ́ni má bó èèpo igi mọ́.
— Ẹni tó bá fẹ́ se àgbo, kó já ewé. Ewé á tún hù.
— Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, A Ó FÀ Á LÉ SÓJÀ LỌ́WỌ́.

Job Olúṣẹ̀yẹ, Akọ̀wé


4.

Lẹ́tà gàdàgbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì. Ọ̀dà náà wá láti ilé iṣẹ́ tó ti ṣe akọ̀wé fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí ètò ọrọ̀-ajé Sáàpù tó dé, kí wọ́n tó ní kí òun àti àádọ́ta ènìyàn máa lọlé. Agolo méjì ló gbé bọ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ òun ni.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ọkùnrin tó ti ń pàṣẹ fún ènìyàn mẹ́tàlá, tó wá dédé di ẹni tí ń jókòó sẹ́nu géètì, kò sí ohun tí kò lè fi ṣe ìjọba. Olúṣẹ̀yẹ fi igi ṣe é. Láràárọ̀ á rìn láti orígun dé orígun, á kà wọ́n, á fọwọ́ pa wọ́n lára. Ará Èkìtì ni. Ohun tó bá ti dì mú, ó dì í mú náà nìyẹn.

Àwọn tó ń bó èèpo náà kì í ṣe ọ̀tá igi. Owó oògùn ibà ló ti ga ju apá lọ. Èèpo dóńgóyárò korò, ó sì ń lé ibà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bó igi yípo, bí ìgbà tí ṣòkòtò já bọ́ dé kókósẹ̀, oúnjẹ láti ara ewé kò ní í lè dé gbòǹgbò mọ́. Igi á máa dúró. Òkú rẹ̀ ló dúró yẹn.


5.

ÌWÉ ÌKÀYE IGI (ọ̀sẹ̀ kẹta, oṣù Kejì)

Ilé 2: ó wà.
Ilé 4: kú. A ti hú u.
Ilé 9: ó wà, ó sanra.
Ilé 11: kú.
Ilé 14: WỌ́N TI BÓ O YÍPO. Ọgbẹ́ náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò ní í rí òjò.
Ilé 16 (ilé mi): ó wà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.


6.

Ó kọ ọ́ sétí ìwé náà: Bí mo bá mú ẹni náà.


7.

Ìgbà tí ibà dè é mọ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé àgbo wá:

— Ẹ mu ún tán, Bàbá Bùsáyọ̀.
— Ó ti korò jù, Catherine.
— Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀.
— Níbo lo ti rí i?
— Lọ́wọ́ àwọn ìyá alágbo l'Ágége.

Ó mu ife mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà ó dìde, ó lọ ka igi.


8.

(Bébà òfìfo ni. Ó ya á.)


9.

GBÓLÓHÙN, ìgbà kìíní

Mo rí Shuaib tó ń bó èèpo igi. Mo pariwo olè. Àwọn sójà tó wà nínú ọkọ̀ ìmọ́tótó sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì nà án.

(Ó ya á.)


10.

GBÓLÓHÙN, ìgbà kejì

Mo rí Shuaib pẹ̀lú ọ̀bẹ àti èèpo tútù lọ́wọ́. Mo bi í. Ó ní òun ń wo igi sàn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

(Ó ya á.)


11.

GBÓLÓHÙN, ìgbà kẹta

Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi.

(Ó wo èyí pẹ́ kó tó ya á.)


12.

Bó ṣe rí gan-an rè é.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Kò sí ọkọ̀ ní títì, gbogbo ilé ló wà níwájú gọ́tà tirẹ̀. Shuaib, ayálégbé tó ń gbé ilé kẹrìnlá pẹ̀lú Modinat ìyàwó rẹ̀ àti Uswat ọmọ wọn, ti parí tirẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, níbi tí máńgòrò pọ̀ ju ènìyàn lọ. Níbẹ̀, bí ewúrẹ́ bá jẹ èèpo máńgòrò yípo, bàbá rẹ̀ kì í gé igi náà. Á bu èèpo tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lára igi tó sanra, á fi dá afárá kọjá ọgbẹ́ náà, orí kan nísàlẹ̀, orí kan lókè, á fi àkísà dì í, á fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ. Oúnjẹ igi á gba orí afárá kọjá.

Shuaib kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó lọ sídìí igi ilé kẹsàn-án, ó bu èèpo márùn-ún, ó sọdá títì padà sídìí igi ilé kẹrìnlá. Ó ti lẹ mẹ́ta mọ́ ọn.

SHUAIB: Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Bùsáyọ̀.
OLÚṢẸ̀YẸ: Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?
SHUAIB: Mò ń wo igi yìí sàn ni. Ẹ bá mi di etí aṣọ yìí mú.
OLÚṢẸ̀YẸ: Níbo lo ti rí èèpo ọwọ́ ẹ?
SHUAIB: Ti ilé kẹsàn-án ni. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni mo bù, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan.
OLÚṢẸ̀YẸ: O tún ti bó ti ilé kẹsàn-án.
SHUAIB: Ẹ jẹ́ n fi hàn yín, ẹ̀gbọ́n.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, èèpo wà nínú rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ gbé ṣọ́bìrì sókè, ó fi ojú irin rẹ̀ la ọrùn ọwọ́ náà. Ó dún. Shuaib kò tilẹ̀ tíì ké tó fi tún gbé e sókè. Èkejì ba èjìká. Ẹ̀kẹta ba ibi tí kò rántí mọ́.

Ìgbà yẹn ló tó wá pariwo olè.


13.

OHUN TÍ ARÁ ÀDÚGBÒ SỌ

"Òun náà nìyẹn."
"Ẹ na ọmọ ìyá ẹ̀."
"Káfíńtà tó ṣe bẹ́ẹ̀dì mi?"
"Abeg, e don do, ẹ fi í sílẹ̀."
"Ìwọ náà wà lára wọn, àbí?"


14.

Sójà mẹ́ta. Ọ̀kan tẹ bàtà mọ́ ọn lọ́rùn, èkejì mú kòbókò, ẹ̀kẹta ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣubú lé ọwọ́ tó ti kán. Wọ́n fi kòbókò gbé e dìde. Ẹ̀wù rẹ̀ ya, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn rẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ wọ inú gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Àwọn tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kò pé mẹ́ta. Àwọn yòókù ń ka pàṣán. Nígbà tó di ogún, ọkùnrin kan ti ń yí táyà ògbólógbòó bọ̀, ìgò kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Àwọn sójà náà ló lé e padà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ èéfín.

Wọ́n ju Shuaib sẹ́yìn ọkọ̀, sórí pàǹtí.

Olúṣẹ̀yẹ lọ fọ ṣọ́bìrì.


15.

Modinat dé ilé kẹrìndínlógún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

— Ẹ wá wo nǹkan, Akọ̀wé.

Ó mú un dé ìdí igi. Ó tú àkísà náà, yunifọ́ọ̀mù Uswat tó ti gbó ni. Èèpo mẹ́ta ló dúró gbọọrọ lórí ọgbẹ́ náà, ẹnu wọn wọ abẹ́ èèpo àtijọ́ bí ìgbà tí káfíńtà fi pákó bọ ojú ihò. Kò sí olè tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

— Ọ̀gá tó ń ṣọ́ àtìmọ́lé ní òun ò fẹ́ ìtàn. Ó ní kí n mú ẹni tó bó igi yìí wá, tàbí kí n gbàgbé ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń kà wọ́n. Ta ni?

Olúṣẹ̀yẹ ní òun ò mọ̀. Òtítọ́ ni, títí di bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.


16.

CATHERINE: Èmi ni.
OLÚṢẸ̀YẸ: Kí ni ìwọ ni?
CATHERINE: Ẹ ń bá bàbá yín tó ti kú sọ̀rọ̀ lóru, ara yín gbóná bí ààrò. N kò rí ewé já, ẹ̀ẹ̀rùn ti kó wọn lọ. Mo bó díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún bó díẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti yípo.
OLÚṢẸ̀YẸ: Kí ló dé tí o kò bó tiwa?
CATHERINE: Tiwa lẹ máa kọ́kọ́ kà bí ẹ bá dìde.

Wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó tan iná.

CATHERINE: Ṣé ẹ máa fà mí lé sójà lọ́wọ́?


17.

Ohun tó ti kọ sára géètì nìyẹn.


18.

ÌKÉDE

Ìpàdé pàjáwìrì. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iwájú ilé kẹsàn-án. Alága, Alhaji Dàwódù, dábàá pé kí a gé gbogbo dóńgóyárò tó kù, kí a sì gbin igi ẹlẹ́wà tí kò wúlò fún àgbo. Igi tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ni yóò pẹ́ láyé.

(Ọwọ́ Olúṣẹ̀yẹ ló kọ ìkéde yìí náà. Kò fi ọ̀dà pupa kọ ọ́.)


19.

GBÓLÓHÙN, ìgbà kẹrin

Èmi Job Olúṣẹ̀yẹ ni mo kọ́kọ́ na Shuaib. Mo fi ṣọ́bìrì nà án lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó dé. Kò jalè. Ó ń tún igi náà ṣe ni. Ẹni tó bó igi náà ni

(Kò ya èyí. Ó ká a sínú àpò.)


20.

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ
Ẹni tó kọ ọ́: Akọ̀wé

Alhaji Dàwódù gbàdúrà. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá.

ALÁGA: Ṣé a fara mọ́ gígé náà?
Ọ̀PỌ̀: A fara mọ́ ọn.
MODINAT: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ọ̀la ni kóòtù. Ọwọ́ tí ọkọ mi fi ń jẹun ti wú bí iṣu.
ALÁGA: Ìyá Uswat, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n bá èèpo lọ́wọ́ rẹ̀.
MODINAT: Ẹ bi Akọ̀wé.
ALÁGA: Ó dáa. Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ igi wọ̀nyí bí ẹní mọ ọmọ. Ta ló bó ti ilé kẹrìnlá?

Akọ̀wé dìde.

AKỌ̀WÉ: Èmi ni.

Ariwo. Alága lu tábìlì. Ẹnì kan ní kí wọ́n ti géètì. Àwọn tó jókòó tì í nàró.

CATHERINE (ìyàwó Akọ̀wé): Irọ́ ló ń pa. Ara rẹ̀ kò yá nígbà yẹn, kò lè rìn dé ilé ìwẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí i. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn ti gba ọ̀nà títì lọ, ibi tí ọkọ̀ sójà máa ń dúró sí.

Modinat ló kọ́kọ́ dé ibi tí Catherine wà. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Akọ̀wé kò lè sọ, láti ibi tó dúró sí, bóyá ó dì í mú kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án, tàbí kó má bàa sá. Akọ̀wé bèèrè. Modinat kò tú ọwọ́ náà sílẹ̀.