Sátidé Mọ́kànlá

"Iredọlá, tún ibẹ̀ kà," ni Màmá Motún wí.

Ohùn wọn ti yí padà. Bàbá Ọládàpọ̀, ọkọ màmá yìí, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ darí ọmọ ogun òfurufú. Iredọlá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ló ń bá wọn kọ ìtàn ayé wọn. Nínú ìwé tí Bàbá ń kọ gbogbo ìrìn ọkọ̀ òfurufú wọn sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ló ti rí i pé, lọ́dún 1965, Sátidé mọ́kànlá ni wọ́n fò láti Kaduna lọ sí Zaria. Kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ìfẹ́?

Ó kà á: "Bí àdàbà tó ń wá olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń fò wá bá arẹwà tó padà di aya rẹ̀…"

"Haba! Ìlọrin ni mo wà lọ́dún yẹn, a ò tíì mọra. Bàbá Motún, arẹwà wo?"

Iredọlá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó ti fi bírò dáná sílé tó tòrò láti àádọ́ta ọdún!

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn. "Jemima."

"Jemima!"

"Jókòó, Ìyá Motún. Tíṣà ni, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò tá a fi ń mọ̀nà lófurufú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á lé mi. Wọ́n ní ká máa fò lọ sílùú kan ká sì padà, láti fi kọ́ṣẹ́. Èmi mú Zaria. Bí mo bá ti balẹ̀, ó ti gbé pátákó sábẹ́ igi, á máa kọ́ mi ní ìṣirò náà."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ojú ń tì mí. Iredọlá, pa á rẹ́."

Màmá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. "Àdàbà ẹ yẹn ni kó o pa rẹ́. Kọ orúkọ Jemima kó hàn gàǹgà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fò lọ, tí mi ò lè sùn, òun ló ń júwe ọ̀nà ilé fún wọn." Wọ́n kọjú sí ọkọ wọn. "Ṣé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bàbá tẹjú mọ́ gíláàsì ọwọ́ wọn.

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"N ò mọ̀. Látìgbà tí mo ti yege, n ò padà débẹ̀."

"Kai! Ẹ wọ bàtà yín. Zaria là ń lọ, ká lọ béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀."

Bàbá tó ti pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dìde, wọ́n ń wá bàtà.